Bí a ṣe ń fi báyósẹ́ńsọ̀ onímọ́lẹ̀ wọn bí purotéènì ṣe ń so mọ́ aró àtọwọ́dá inú oúnjẹ

Púpọ̀ nínú aró àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ àti ohun mímu, irú bíi tartrazine tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ E102, Sunset Yellow FCF tó jẹ́ E110, Allura Red AC tó jẹ́ E129 àti Brilliant Blue FCF tó jẹ́ E133, jẹ́ mólékù kékeré tó ń tètè yọ́ nínú omi, nítorí pé wọ́n ní ẹgbẹ́ súlífónétì tó ń gbé agbára iná òdì. Ìwọ̀nba díẹ̀ lára wọn ló ń ti inú ìfun dé inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá sì dé ibẹ̀, albumin ló ṣeé ṣe jù lọ kó kọ́kọ́ dì mọ́, torí pé òun ni purotéènì tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gbé àwọn mólékù kékeré kiri. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwádìí fi ń lo albumin ènìyàn tàbí ti màlúù, èmi náà yóò sì fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà pípẹ́ ni láti tan ìmọ́lẹ̀ tí ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nanomita 280 tàbí 295 sí purotéènì, kí wọ́n sì máa wo bí ìmọ́lẹ̀ tí tryptophan inú rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ásíìdì amínò tó para pọ̀ di purotéènì, ń dá padà ní nǹkan bíi nanomita 340 ṣe ń dín kù bí aró ṣe ń pọ̀ sí i. Ìṣòro rẹ̀ ni pé aró fúnra rẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní àwọn ìgùn ìgbì wọ̀nyẹn gan-an. Ìmọ́lẹ̀ lè dín kù láìjẹ́ pé ohunkóhun so mọ́ ohunkóhun. Báyósẹ́ńsọ̀ onímọ́lẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ̀ nígbà tí nǹkan bá so mọ́ purotéènì tí a dè mọ́ ojú rẹ̀, bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí dé àyè kan, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, rírí àmì lórí ẹ̀rọ kò le rárá. Ohun tó le ni mímọ̀ bóyá ìsomọ́ ló fa àmì náà.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń rí

Ẹ̀rọ tí a máa gbájú mọ́ ni èyí tó ń lo surface plasmon resonance, tí a ń gé kúrú sí SPR. Ní Sweden, Liedberg, Nylander àti Lundström tẹ iṣẹ́ jáde lọ́dún 1983 tó fi hàn pé a lè fi ọ̀nà yìí mọ̀ nígbà tí àwọn purotéènì bá so mọ́ra, ẹ̀rọ Biacore sì jáde fún títà lọ́dún 1990. Ìmọ́lẹ̀ a máa gba inú gíláàsì wọlé ní ìdagun, a sì bá wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan pàdé, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi nanomita 50. Ní igun kan pàtó, wúrà náà a gba agbára ìmọ́lẹ̀, èyí tó ń padà bọ̀ a sì dín kù gidigidi. Bí ohunkóhun bá lẹ̀ mọ́ òdìkejì wúrà náà níbi tí omi ti ń ṣàn, refractive index ibẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dín eré ìmọ́lẹ̀ kù, a yí padà, igun náà a sì ṣípò. Ẹ̀rọ ń ka ìṣípò yìí ní RU (resonance unit, òṣùwọ̀n àmì ẹ̀rọ náà), níbi tí RU 1,000 ti dúró fún nǹkan bíi nanogram 1 purotéènì lórí mílímítà onígun mẹ́rin kan.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ yìí kò mọ aró yàtọ̀ sí iyọ̀. Ohunkóhun tó bá yí refractive index padà láàárín nanomita 200 sí 300 sí ojú wúrà ni yóò kà, ìbáà so mọ́ purotéènì, ìbáà kàn ń ṣàn kọjá. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e yìí ló wà nítorí ọ̀rọ̀ kan yẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ

Purotéènì ni kí ẹ dè mọ́ chip, ìyẹn gíláàsì kékeré tí wúrà yẹn wà lójú rẹ̀, kí aró sì máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Àwọn kan ti gbìyànjú láti ṣe é lódìkejì, torí pé purotéènì tó wúwo máa ń fúnni ní àmì ńlá, ṣùgbọ́n láti de aró mọ́ chip, ẹ ní láti fi ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ orí rẹ̀ ṣe ìdè, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ yẹn gan-an ni purotéènì fi ń dì í mú.

Àmì tó ga jù lọ tí ẹ lè retí, tí a ń pè ní Rmax, rọrùn láti ṣírò. Ẹ fi ìwúwo mólékù purotéènì pín ti aró, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ sọ iye RU purotéènì tó wà lórí chip di púpọ̀. Albumin ènìyàn wúwo tó dalton 66,500. Tartrazine jẹ́ 534.4 bí a bá ka sódíọ̀mù mẹ́ta tó wà nínú iyọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn sódíọ̀mù wọ̀nyẹn a máa kúrò lára rẹ̀ nínú omi, nítorí náà nǹkan bíi 465 ló ń so mọ́ purotéènì. Bí RU 10,000 albumin bá wà lórí chip, tí ojúkò kan ṣoṣo sì wà fún aró lára albumin kọ̀ọ̀kan, RU 70 ni òkè ilé náà, ìyẹn Rmax.

Ẹ kọ iye yìí sílẹ̀ sí ibi tí ojú yín yóò máa tó o. Bí ẹ bá wá rí RU 400, tí ìlà gíráàfù náà ò sì fẹ́ dúró, kì í ṣe àṣeyọrí nìyẹn: aró ń lẹ̀ mọ́ ibi púpọ̀ láìní ojúkò, tàbí ó ń gùn ara rẹ̀, tàbí ẹ kò yọ ipa omi kúrò dáadáa. Ìlọ́po méjì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní kí a já a nù o, nítorí pé albumin lè ní ju ojúkò kan lọ fún aró kan, àti pé àwọn mólékù olórùka bí aró máa ń yí refractive index padà ju purotéènì tó bá wọn wúwo dọ́gba lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ iye aró tó wà nínú omi yín ní ti gidi

Ibí ni mo ti rò pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Lẹ́búlù orí ìgò lè sọ pé tartrazine ni, kó má sì jẹ́ tartrazine nìkan. Ìlànà àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí àfikún oúnjẹ béèrè pé kí ó kéré tán 85% ìyẹ̀fun náà jẹ́ aró. Ìyókù lè jẹ́ iyọ̀ lásán, sódíọ̀mù súlífétì àti omi. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé òṣùwọ̀n nìkan ti lè fi 15% ṣì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe yẹn yóò sì bọ́ tààrà sínú KD rẹ̀, ìyẹn ìki aró tí ìdajì ojúkò ti máa ń kún.

Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ aró náà fúnra rẹ̀ sọ iye tó wà níbẹ̀. Ẹ fi spectrophotometer díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí omi náà ń gbé mì ní ibi tó ti ga jù. Fún tartrazine, nǹkan bíi nanomita 426 ni, iye tí ìlànà yẹn sì kọ sílẹ̀ fún omi tí aró inú rẹ̀ jẹ́ 1% nínú ife oní-sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ 530, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bíi 28,300 fún molar kọ̀ọ̀kan. Omi tartrazine tó jẹ́ micromolar 20 yóò wá fúnni ní 0.57. Iye ti Sunset Yellow jẹ́ 555 ní nanomita 485, ti Allura Red jẹ́ 540 ní nanomita 504, ti Brilliant Blue sì jẹ́ 1,630 ní nanomita 630. Ẹ rántí láti bu omi là kí iye tí ẹ̀rọ kà má bàa kọjá 1, kí ẹ sì wá sọ ọ́ di púpọ̀ padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ìpele omi aró mẹ́fà tàbí méje tí ìki wọn yàtọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbé mì ń pọ̀ sí i lórí ìlà tó tọ́. Bí ìlà náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láìjẹ́ pé iye náà ti ga ju agbára ẹ̀rọ lọ, àwọn mólékù aró ti ń to ara wọn léra wọn. Sunset Yellow ni olórí nínú ìwà yìí: bí omi rẹ̀ bá ki gan-an, ó máa ń tò jọ bí ọ̀pọ́n tí a to léra títí tí yóò fi di liquid crystal. Nínú ìwọ̀n micromolar tí a ń lò níbí, ewu náà kéré, àmọ́ ẹ wò ó.

Ohun kan tún wà tí kò ṣeé fojú rénà. Asẹ́ tí a fi nylon ṣe kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé irú aró tó ní súlífónétì gan-an ni àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ fi ń pa nylon láró. Ẹ lo asẹ́ cellulose tí ihò rẹ̀ jẹ́ micromita 0.22, kí ẹ díwọ̀n àwọ̀ omi náà kí ẹ tó sẹ́ ẹ àti lẹ́yìn tí ẹ bá sẹ́ ẹ. Bí aró yín bá jẹ́ erythrosine, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ E127, ẹ fi bébà àlúmínọ́ọ̀mù bo ìgò rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń bà á jẹ́, ó sì tún ń mú kó sọ atẹ́gùn ọ́síjìn di irú tó ń ba purotéènì jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: dídè purotéènì mọ́ chip

Ẹ ra albumin tí wọ́n ti yọ ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀, torí pé ásíìdì ọ̀rá máa ń gba ojúkò tí aró lè fẹ́ jókòó sí, ó sì tún ń yí ìrísí purotéènì náà padà. Chip tó ní dextran oníkábọ́kísílì, ìyẹn ẹ̀wọ̀n ṣúgà tó ní agbára iná òdì, ló bá a mu jù, torí pé ó gba purotéènì púpọ̀, àwa sì nílò púpọ̀ nítorí kékeré aró.

Albumin ní láti ní agbára iná rere (+) kí ojú chip tó ní òdì lè fà á mọ́ra. Ojú ibi tí agbára méjèèjì ti dọ́gba lára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi pH 4.7 bí ọ̀rá bá ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ga ju 5 lọ bí wọ́n bá ti yọ ọ̀rá kúrò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sísàlẹ̀ pH 4.3 tàbí níbẹ̀, purotéènì náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ kọ́kọ́ dán sodium acetate millimolar 10 wò ní pH 4.5, 5.0 àti 5.5 láìtíì mú chip ṣiṣẹ́, kí ẹ sì yan pH tó ga jù lọ tó ṣì ń fa purotéènì náà mọ́ra dáadáa. Ó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bíi 5.0. Lẹ́yìn náà, ẹ da EDC molar 0.4 àti NHS molar 0.1, kẹ́míkà méjì tó ń mú ojú chip ṣiṣẹ́ kí purotéènì lè dè mọ́ ọn, pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn kọjá fún ìṣẹ́jú 7, kí albumin tẹ̀ lé e títí yóò fi tó nǹkan bíi RU 10,000, kí ẹ sì fi ethanolamine molar 1, pH 8.5, pa àyè tó ṣẹ́ kù dé fún ìṣẹ́jú 7. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ ṣe fún ọ̀nà kejì tó wà lórí chip kan náà, àfi albumin. Ọ̀nà àfiwé nìyẹn.

Kí ẹ tó mú aró súnmọ́ chip yìí, ẹ bi í bóyá purotéènì orí rẹ̀ ṣì wà láàyè. Warfarin, oògùn tó ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀, ni mo máa ń yàn fún ìdánwò yìí, nítorí pé ojúkò rẹ̀ lára albumin, tí a ń pè ní ojúkò Sudlow kìíní, ti di mímọ̀ dáadáa, KD rẹ̀ sì jẹ́ micromolar díẹ̀. Bí RU 10,000 albumin bá wà, RU 46 ni kí òkè ilé rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá rí 23, ìdajì purotéènì yín ti kú tàbí ojúkò rẹ̀ ti dí, ẹ sì ní láti fi ìdajì yẹn tún ìṣirò ti aró ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣíṣàn aró kọjá

Bọ́fà fósífétì millimolar 10 tó ní iyọ̀ millimolar 150, ní pH 7.4 àti 25°C, ti tó. Àǹfààní ńlá kan wà nínú aró wọ̀nyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí oògùn kì í ní: wọ́n ń yọ́ nínú omi, nítorí náà a kò nílò DMSO, ìyẹn ohun olómi tí wọ́n fi ń yọ́ oògùn tí kì í yọ́ nínú omi, gbogbo wàhálà títún ipa DMSO ṣe sì ti kúrò nílẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ bíi Tween sí bọ́fà náà láìnídìí.

Bọ́fà tó ń ṣàn nínú ẹ̀rọ gan-an ni kí ẹ fi bu aró là. Iyọ̀ millimolar 1 tó bá yàtọ̀ láàárín omi méjèèjì ń fa nǹkan bíi RU 10. Tartrazine millimolar 1 láti inú ìyẹ̀fun oní-85% lè gbé nǹkan bíi millimolar 1.6 iyọ̀ lásán dání, èyíinì RU 16, aró tó kàn ń ṣàn kọjá láì so mọ́ ohunkóhun sì lè fi nǹkan bíi RU 100 kún un. Ẹ fi èyí wé RU 70 tí a ń wá. Èyí ló fà á tí mi ò fi dámọ̀ràn kí ẹ kọjá micromolar 250. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ máa gé e sí ìdajì títí dé nǹkan bíi micromolar 1. Ìpele mẹ́sàn-án ni yóò jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí bọ́fà lásán kọjá títí ìlà ìsàlẹ̀ yóò fi fara balẹ̀. Kí omi aró kọ̀ọ̀kan ṣàn ní microlita 30 níṣẹ̀ẹ́jú kan fún ìṣẹ́jú àáyá 60, kí bọ́fà tẹ̀ lé e fún 120. Ẹ má ṣe tò wọ́n láti kékeré dé ńlá. Ẹ dà wọ́n rú, kí bọ́fà lásán máa wọ àárín wọn, kí ìpele àárín kan sì padà wá ní ìparí kí ẹ lè rí i bóyá purotéènì náà ti ń kú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àmì ọ̀nà àfiwé kúrò nínú ti albumin, kí ẹ sì tún yọ àmì bọ́fà lásán kúrò nínú ohun tó kù. Bí ọ̀nà àfiwé fúnra rẹ̀ bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ tí kò sì tètè wálẹ̀, aró ń lẹ̀ mọ́ dextran, èsì ibi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé lò.

Ẹ wo ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ yín ń lò. Àwọn tó ń lo nanomita 760 kò ní wàhálà púpọ̀, torí pé aró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo dárúkọ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ìmọ́lẹ̀ mì níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń lo lésà nanomita 633 kò lè bá Brilliant Blue ṣe iṣẹ́ tó ṣeé gbára lé, nítorí pé ibi tí aró yẹn ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì jù lọ ni lésà náà wà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kíka ìlà náà

Ohun tí ẹ máa rí lè dà bí àpótí: àmì a gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a tẹ́ pẹrẹsẹ, a sì já wálẹ̀ nígbà tí bọ́fà bá dé. Aró ń wọlé, ó sì ń jáde kíákíá ju bí ẹ̀rọ ṣe lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí sọ́fítíwià fún yín ní ka àti kd, ìyẹn ìyára ìsomọ́ àti ìyára ìjákúrò, láti inú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Yóò fún yín ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà kò sì ní ìtumọ̀. Gíga ibi tó tẹ́ ni kí ẹ mú, kí ẹ fi sórí gíráàfù sí ìki aró, kí ẹ sì fi ìlà R = Rmax × C ÷ (KD + C) bá a mu. R ni gíga àmì, C ni ìki aró, KD sì ni ìki tí àmì ti dé ìdajì Rmax. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá pinnu, kì í ṣe sọ́fítíwià: bí ìki tó ga jù tí ẹ lò kò bá tó ìlọ́po méjì KD tó jáde, ìlà náà kò tíì tẹ̀ tó láti gbẹ́kẹ̀ lé, àfi tí ẹ bá fi Rmax tí warfarin ràn yín lọ́wọ́ láti ṣírò dè é mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èsì lórí aró wọ̀nyí àti albumin máa ń bọ́ sí àárín micromolar mẹ́wàá-mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi micromolar 40 ṣe àpẹẹrẹ ní 25°C, agbára ìsomọ́ ΔG jẹ́ nǹkan bíi −25 kJ fún mole kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìfàmọ́ra iná tàbí ìsá-fómi ló so wọ́n pọ̀ yóò tún un ṣe ní ìwọ̀n ìgbóná mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín 10 sí 37°C, yóò sì ya ìlà ln K sí 1/T, níbi tí K ti jẹ́ 1 ÷ KD, T sì jẹ́ ìwọ̀n ìgbóná ní kelvin. Ìlà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́ fún albumin, ẹ má sì fi ipá tọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ojúkò wo ni aró jókòó sí?

Ẹ fi warfarin sínú bọ́fà tó ń ṣàn, ní ìki tó tó ìlọ́po mẹ́wàá KD rẹ̀, kí ẹ sì tún gbé aró náà kọjá nínú bọ́fà kan náà. Bí àmì aró bá wálẹ̀ gidigidi, ojúkò kan náà ni wọ́n ń dù. Ẹ fi ibuprofen, tó ń jókòó sí ojúkò Sudlow kejì, ṣe bákan náà. Bí méjèèjì kò bá yí àmì padà, aró náà wà níbòmíràn, tàbí kó má tilẹ̀ ní ojúkò rárá, èyí tí RU tó ń gòkè láìdúró yóò ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ BLI, àti ẹlẹ́rìí kejì

Biolayer interferometry ń tan ìmọ́lẹ̀ funfun gba inú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì ń ka bí àwọ̀ tó ń padà bọ̀ ṣe ń ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun ní gbogbo àwọ̀ tí aró ń gbé mì nínú, mólékù kékeré sì ti nira fún un tẹ́lẹ̀. Bí òun nìkan lẹ bá ní, ẹ fi ọ̀pá tí kò ní purotéènì ṣe àfiwé fún ìpele aró kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì tẹ èsì jáde láìní ọ̀nà kejì.

Ọ̀nà kejì tí mo fẹ́ràn jù ni equilibrium dialysis, níbi tí asẹ́ tí aró lè là kọjá, tí purotéènì kò lè là kọjá, ti pín omi sí ọ̀nà méjì, nítorí pé aró ní àwọ̀, spectrophotometer sì lè ka iye rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ asẹ́ méjèèjì láìnílò ohun mìíràn. Ẹ díwọ̀n ẹ̀gbẹ́ tí kò ní purotéènì, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú àpapọ̀, torí pé ìsomọ́ lè ti àwọ̀ aró sípò. Bí ẹ bá padà sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ tryptophan, ẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀: ẹ kó absorbance, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí omi ń gbé mì, ní ìgùn ìgbì tó wọlé àti èyí tó jáde pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ gbé 10 dé agbára iye yẹn, kí ẹ sì fi í sọ ìmọ́lẹ̀ tí ẹ kà di púpọ̀. Nígbà tí absorbance bá ti ga, àtúnṣe yìí kò gbà á là mọ́.

Fífọ chip àti ẹ̀rọ

Aró tó ń já kúrò kíákíá kò nílò ohun tí a fi ń bọ́ ọ kúrò lórí chip. Bọ́fà ti tó. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, ẹ lo iyọ̀ molar 1 fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ má lo glycine pH 1.5 tàbí SDS, tó jẹ́ irú ọṣẹ líle kan, lórí albumin, torí pé èkíní ń tú u, èkejì sì ń dì mọ́ ọn. Pọ́ọ̀pù àti abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ni SDS wà fún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ chip kúrò. Brilliant Blue àti erythrosine máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ nínú pọ́ọ̀pù. Ẹ gba omi tó ń jáde sínú ife, ẹ fi spectrophotometer wò ó, ẹ má sì gbé aró mìíràn wọlé títí absorbance rẹ̀ yóò fi bá ti bọ́fà lásán dọ́gba.